Adégbóyè Onígbìndé àti Iṣẹ́ Akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá

Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí ajíhìnrere ti wá ni a fi ń pín eré ìdárayá fún ìlú, eré béésíbọ́ọ̀lù, èyí tí a ń fi kùmọ̀ gbá, ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ì bá máa ṣe títí di òní. Àwọn Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ìlú náà ṣe ibùdó. T. J. Bowen dé ibẹ̀ ní 1855. Ní 1898 ni Charles E. Smith dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀. Ní 1907 ni Dókítà George Green bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn tí ó di ilé ìwòsàn ńlá. Ní orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti wá, kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó mọ iyì ara rẹ̀ tí kì í ní ikọ̀ béésíbọ́ọ̀lù, ẹni tí ó sì jẹ́ ọ̀gá àgbà fún ikọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọdé láwùjọ. Ó lè lo ọgbọ̀n ọdún ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe pápá nígbà tí ó bá fẹ̀yìn tì.

Síbẹ̀, kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó ni ìjọba ni ó ni eré. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ni ìjọba, àwọn ni wọ́n ń rán alábòójútó ẹ̀kọ́ káàkiri, ìdánwò wọn ni àwọn ọmọ ń ṣe, eré wọn náà ni ó sì gba pápá. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí ìjọ C.M.S. gbé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ wọn wá ní 1896, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní St. Andrew's College, ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ nílò àlàyé, nítorí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ àti àwọn tí ó ń ṣe ìjọba, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wá. Láti Ọ̀yọ́ ni àwọn tíṣà ti ń jáde lọ sí ìlú àti ìletò gbogbo, kì í sì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń gbé lọ. Tíṣà tí ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láàárọ̀ ni yóò tún fọn fèrè fún wọn lórí pápá nírọ̀lẹ́. Kò sí owó fún un. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá na ilé ẹ̀kọ́ kejì nínú ìdíje, wọn yóò gbé e ga. Bí wọ́n bá nà wọ́n, yóò padà sí ìdí ìṣirò rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí yóò lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ibí yìí ni ó yẹ kí á ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá ṣe rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Kóòṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ìgboro, orúkọ náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá sàn jù ú lọ, nítorí ó sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ gan-an: kíkọ́ni ni, kí ẹni tí a kọ́ sì mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa kò ṣàì mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ ìjàkadì ní àgbà tí ó kọ́ ọ bí a ti í mú ẹsẹ̀ dúró àti bí a ti í gbé ẹni ṣánlẹ̀. Ẹni tí ó mọ ayò ta ti jókòó pẹ́ lẹ́yìn ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta jù ú lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí a bá dá oníjàkadì lójú agbo, òun ni ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀, kò sí ẹni tí í wá olùkọ́ rẹ̀ lọ sílé láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó yí èyí padà. Bí ikọ̀ bá borí, àwọn ọmọ ni ó gbá a. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, olùkọ́ ni kò mọ iṣẹ́.

Kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ fi èyí hàn bí Olóyè Adégbóyè Onígbìndé. A bí i ní Mọdákẹ́kẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 1938. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yóò mọ̀ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́bàá Ifẹ̀ ni Mọdákẹ́kẹ́ wà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan tẹ̀lé Àtìbà lọ sí Àgọ́ Ọjà, èyí tí ó di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Àwọn kan sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ogun kò rí gbé ṣe. Àwọn mìíràn sì sọ̀ kalẹ̀ títí dé ilẹ̀ Ifẹ̀. Samuel Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́ tí ó sì kọ ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, sọ púpọ̀ nípa wọn. Orúkọ ìdílé Onígbìndé fúnra rẹ̀ ń ké sí ìgbìn, ìlù Ọbàtálá. Mi ò rò pé ó pọn dandan kí á wá ìtumọ̀ kan sí èyí nínú iṣẹ́ tí ó ṣe, àfi pé ìgbìn kì í ṣe ìlù oníkánjú, ọkùnrin náà kò sì jẹ́ oníkánjú.

Ní àkókò tí ó ń dàgbà, ojú òyìnbó ni a ń wò fún iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù, òyìnbó kan, Jack Finch, ni ó ṣe olórí wọn. Téslímù Balógun wà nínú àwọn tí ó lọ. Balógun yìí kan náà ni ó padà lọ gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá, ohun tí ọmọ Áfíríkà kankan kò tíì ṣe ṣáájú rẹ̀. Ó padà wá sí Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kí ó tó kú ní 1972. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ rẹ̀ kò tíì mú kí àwọn aláṣẹ gbàgbọ́. Nígbà tí Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ olúborí-ife ní Áfíríkà ní 1976, tí wọ́n na Tonnerre ti Yaoundé ní àmì ayò mẹ́rin sí méjì lápapọ̀, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba irú ife bẹ́ẹ̀, Alan Hawkes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó wà ní ìdí rẹ̀. Jelisavčić ará Yugoslavia ni àwọn ènìyàn ń pè ní Baba Tíkò nígbà tí ó ń tọ́jú Green Eagles. Nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Èkó ní 1980, Otto Glória láti Bùràsíìlì ni olùkọ́ wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kan ti ṣe iṣẹ́ náà rí, ṣùgbọ́n bí adelé ni a ń lò wọ́n. Ẹ ó rántí pé ìlú tí ó gba òmìnira ní 1960 ni à ń sọ o.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ikọ̀ Nàìjíríà wálé ní kíákíá láti Libya ní 1982, Onígbìndé ni wọ́n fi ikọ̀ náà lé lọ́wọ́. Kò lọ kó àwọn arúgbó ikọ̀ jọ. Ó mú àwọn ọmọdé, àwọn kan nínú wọn sì wà nínú ikọ̀ ọ̀dọ́ tí ó lọ sí ìdíje àgbáyé ní Mẹ́síkò ní 1983. Stephen Keshi jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún. Rashidi Yékínì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú. Mudashiru Lawal ni ó dà bí bàbá láàrin wọn, ẹni tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e ga, tí ó sì wà nínú ikọ̀ Nàìjíríà fún Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà márùn-ún léraléra, láti 1976 títí di 1984 yìí.

Kò sí ẹni tí ó retí ohun ńlá lọ́dọ̀ wọn ní Ivory Coast. Gánà ni ó gba ife náà ní 1982. Nàìjíríà nà wọ́n ní méjì sí ẹyọ kan. Wọ́n ta ọ̀mì pẹ̀lú Màláwì àti Àljẹ́ríà. Nígbà tí ó kan Íjíbítì ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, ayò méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gbá wọlé Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá mọ bọ́ọ̀lù mọ̀ pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé báyìí, iṣẹ́ olùkọ́ ti parí lára ìmúra, ó ku ohun tí ó ti fi sínú ọkàn àwọn ọmọ. Keshi gbá pẹnáritì wọlé, Bala Ali sì gbá èkejì lẹ́yìn ìsinmi. Ó di gbígbá pẹnáritì ní àgbádìje, Nàìjíríà sì fi mẹ́jọ sí méje borí. Àwọn ọmọdé tí ó ti rí ayò méjì lórí ara wọn tí wọn kò sì tú ká, a kò lè sọ pé wọ́n bá a rìn nínú orí ire nìkan.

Àṣekágbá wáyé ní Abidjan ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1984, pẹ̀lú Kamẹrúùnù. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Lawal ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé. N'Djeya dá a padà kí wọ́n tó sinmi, ó sì dúró ní ọ̀kan sí ọ̀kan títí ó fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìgbà náà ni Abega fi agbára àgbà hàn, Ebongué sì fi ẹ̀kẹta kún un. Mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ọmọ Yugoslavia ni olùkọ́ Kamẹrúùnù, àwọn tí ó ti ń sọ pé òyìnbó nìkan ni ó lè gba ife wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. Ohun tí wọn kò sọ ni pé kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan ṣáájú Onígbìndé tí ó kó ikọ̀ orílẹ̀-èdè yìí dé àṣekágbá Áfíríkà. Fún èmi, fàdákà 1984 yìí wúwo ju wúrà 1980 lọ. Wúrà 1980, nílé wa ni, níwájú ogunlọ́gọ̀ tiwa, pẹ̀lú àgbà ọ̀jẹ̀ tí ó ti mú ilẹ̀ Pọtogí dé ipò kẹta ní àgbáyé ní 1966. Fàdákà 1984, òkèèrè ni, àwọn ọmọdé ni, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni.

Ọdún kan náà ni ọ̀rọ̀ burúkú ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn. Onígbìndé kó Shooting Stars dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ olúborí ní Áfíríkà. Zamalek nà wọ́n ní méjì sí òdo ní Cairo, wọ́n sì tún nà wọ́n ní ẹyọ kan sí òdo nílé níbí. Ìjọba ológun ni ó wà lórí oyè nígbà náà, Oládàyọ̀ Pópóọlá sì ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa: ẹgbẹ́ tí ó ṣe ipò kejì nínú gbogbo Áfíríkà ni a tú ká bí ẹni pé wọ́n jalè. Nínú ọdún kan ṣoṣo, olùkọ́ kan dé àṣekágbá méjì tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà, èrè rẹ̀ sì ni pé kò rí ẹgbẹ́ tí yóò kọ́ mọ́. Wọ́n padà kó ẹgbẹ́ náà jọ, ní 1992 wọ́n sì gba ife mìíràn ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìwà tí a hù ní 1984 kò kúrò nínú bí a ṣe ń ṣe nǹkan. Ológun lọ, ìwà náà kò lọ.

Ọ̀pọ̀ ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ó fi ṣe ohun tí kì í sí nínú ìwé ìròyìn. Ó di olùkọ́ àwọn olùkọ́: CAF àti FIFA ń lò ó láti kọ́ àwọn akọ́nimọ̀-ọ́n-gbá ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Iṣẹ́ yìí ni ó bá àṣà ilé ẹ̀kọ́ Ọ̀yọ́ ìjọ́un mu jù lọ: ẹ kọ́ ẹni kan, kí ó lọ kọ́ ogún. Kò sí ogunlọ́gọ̀ tí í pàtẹ́wọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 2002 ni wọ́n tún ránṣẹ́ pè é. Àyíká tí wọ́n fi pè é kò dára, ó sì yẹ kí á sọ ọ́ bí ó ti rí. Shaibu Amodu ni ó kó ikọ̀ náà yege láti lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Wọ́n ṣe ipò kẹta ní Mali ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, wọ́n sì tìtorí èyí yọ Amodu. Ní 2010 wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un: ó tún kó wọn yege, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún Lars Lagerbäck ará Súwídìn. Ẹ̀gbin kan náà tí a fi kan Shooting Stars ni a fi kan Amodu, ó wá jẹ́ pé Onígbìndé, tí ó ti jìyà rẹ̀ rí, ni ó jókòó sórí àga tí wọ́n lé e kúrò. Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ìbá ṣe ní ipò rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, orílẹ̀-èdè rẹ̀ sì ni ó pè é, oṣù díẹ̀ ni ó kù.

Ohun tí ó ṣe ní 1984 ni ó tún ṣe. Ó fi àwọn ìlúmọ̀ọ́ká sílẹ̀: Sunday Oliseh, Finidi George, Victor Ikpeba. Ó fi Okocha ṣe balógun ikọ̀, ó sì mú àwọn ọmọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ orúkọ wọn. Vincent Enyeama jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bartholomew Ogbeche àti Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lọ. Ariwo ta. Àwọn kan ní ó ń fi orílẹ̀-èdè ṣe ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ibi tí mo ti rò pé àwọn alárìíwísí rẹ̀ ní ẹjọ́ rò ni pé àárín gbùngbùn pápá ni ọgbọ́n Oliseh ìbá ti wúlò fún àwọn ọmọ náà, àti pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni kan bí Lawal ni kò sí nínú ikọ̀ 2002 tí ó wà nínú ti 1984, àfi bí a bá fẹ́ ka Okocha nìkan sí i.

Wọ́n bá ara wọn nínú ìsọ̀rí tí ó le jù lọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, Batistuta kan orí mọ́ bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, Ajẹntínà borí. Ní ọjọ́ 7 oṣù náà ní Kobe, Aghahowa kọ́kọ́ gbá a wọlé Súwídìn, ó sì fò sókè sódì léraléra bí ẹni tí kò ní egungun, ṣùgbọ́n Larsson gbá méjì wọlé, ó sì parí fún wa. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, pẹ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Osaka ní ọjọ́ 12, kò lè ṣe wá ní oore kankan mọ́ nínú ìdíje náà. Síbẹ̀ òun ni ó yẹ kí òǹkọ̀tàn wò jù. Onígbìndé fi Enyeama ṣọ́ ilé dípò Shorunmu, ó sì fi Ọ̀pábùnmi, ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, sí iwájú. Ọmọ náà jẹ́ ọdún 17 àti ọjọ́ 101. Ẹni méjì péré ni ó kéré jù ú lọ nínú gbogbo àwọn tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé títí di ọjọ́ náà. Beckham àti Owen wà lódì kejì. Òdo sí òdo ni ó parí sí.

Àmì kan ṣoṣo nínú mẹ́sàn-án ni Nàìjíríà kó wálé. Wọ́n kí Onígbìndé pé ó dàbọ̀, Christian Chukwu sì gba ipò rẹ̀. Bí a bá fi iye àmì nìkan wọn iṣẹ́ náà, kò sí ohun tí a ó sọ fún un, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó jẹ́ kíkọ́ni, kì í ṣe inú ọdún tí a kọ́ni ni èso rẹ̀ í pọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2013, ní Johannesburg, Nàìjíríà na Bùkínà Fásò ní ẹyọ kan sí òdo, wọ́n sì gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà kẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọmọ Nàìjíríà yóò jẹ́ olùkọ́ wọn nígbà tí wọ́n gba ife náà. Stephen Keshi ni, ẹni tí ó gbá pẹnáritì sí àwọ̀n Íjíbítì ní 1984. Ẹni tí ó ṣọ́ ilé fún un ni Enyeama ti Osaka. Joseph Yobo, tí òun náà gbá bọ́ọ̀lù ní 2002, wà nínú ikọ̀ náà pẹ̀lú.

Ti Fẹ́mi Ọ̀pábùnmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí òkèèrè lẹ́yìn Osaka, ó sì dé Niort ní ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n àrùn ojú tí a ń pè ní glaucoma ti mú un. Ní 2006 ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún.